Ẹni Tí Asimawu Wá Gbà

Asimawu wọ àgọ́ ọlọ́pàá Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọkọ rẹ̀, Mùbàṣírù, ti ń rẹ́rìn-ín látinú àhámọ́.

Ìjà ìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tó wà n'Ìbàdàn ni wọ́n torí ẹ̀ mú un ní Mamu, ìlú kékeré kan nítòsí. Ó ti búra fún ọlọ́pàá pé Ṣàkírù, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n tì mọ́lé pẹ̀lú rẹ̀, ló dá mọ́tò ẹgbẹ́ kejì fọ́.

"N ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Asimawu.

Sájẹ́ǹtì, àlejò nílùú, ń ṣàlàyé béèlì fún un.

"Màmá, ilé yín lẹ ó fi ṣe onídùúró. Bó bá sá, ẹ̀yin la ó mú."

"Mo gbọ́. Ilé tí mo fi owó obì kọ́ ni mo fi dúró."

Ó tẹ̀ka sí ìwé béèlì.

Mùbàṣírù dìde, ó tún fìlà dé. "Ọlọ́run á san án fún ọ, Asimawu."

Asimawu wò ó bí ẹni wo ìgbẹ́ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Jókòó. Ta ló pè ọ́? Ṣàkírù ni mo wá gbà."

Ẹnu ya sájẹ́ǹtì. "Kí ni Ṣàkírù jẹ́ sí yín?"

"Ọmọ mi ni."

Ó nàka sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí yẹn ni bàbá tó bí i."