Àrá Aago Mẹ́rin

"Ẹni tó gbé fáànù mi, kó tètè gbé e padà! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bó bá di aago mẹ́rin, àrá á bá a sọ̀rọ̀!"

Nọ́ọ̀sì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Parkchester lókè òkun. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ọ̀sán ló fi ń sùn, ooru ọjọ́ náà kò sì ṣeé sùn láìsí fáànù. Ó gbé e síta kó lè fọ ilẹ̀ yàrá, kó tó ṣe tán, wọ́n ti gbé e lọ.

Ìyá Doyin, aládùúgbò rẹ̀, yọjú. "Nọ́ọ̀sì! Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹ̀yin lẹ wá ń rán àrá níṣẹ́?"

"Ẹ ṣáà máa wò ó."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́rìn-ín. Fóònù rẹ̀ ti sọ láàárọ̀ pé òjò àti àrá ń bọ̀ ní aago mẹ́rin.

Aago mẹ́rin lù. Àrá sán gbàù! Ògiri mì, iná kú. Ẹ̀rín tán lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ lọ sára bíléńdà tó yá lọ́wọ́ Ìyá Doyin nígbà ọdún Àjíǹde, tó sì ti búra pé òun ti dá padà.

Àrá tún sán. Ó gbá bíléńdà mọ́ra, ó ṣílẹ̀kùn.

Ìyá Doyin ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fáànù lọ́wọ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àrá yín..." Ó rí bíléńdà rẹ̀.

Àrá kẹta sán. Ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, Alàgbà Olúsànmí rọra ṣílẹ̀kùn.

"Ìyá Doyin," ó ní, "ìkòkò yín rèé o."