Àgbo Rahmah Nínú Ìkòkò Nusaybah

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá ń jowú ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Ilé kan náà ni Nusaybah àti Rahmah ń gbé ní Peckham, ní London, kálukú nínú fúláàtì tirẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ sí àsàlátù ní ọjọ́ Sunday. Nusaybah ló máa ń lé orin, Rahmah wà lára àwọn tó ń gbè é. Bí Nusaybah bá lanu, àwọn ọmọ tó ń sáré kiri gbọ̀ngàn á dákẹ́.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni àìsàn inú mú àwọn méjèèjì. Inú Rahmah máa ń wú, ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn, omi gbígbóná nìkan ló ń tù ú lára. Ti Nusaybah yàtọ̀. Tirẹ̀ ń jó o láti ikùn dé ọ̀nà ọ̀fun, ẹnu rẹ̀ korò, egbò wà lẹ́nu rẹ̀, omi tútù ló ń wá kiri. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìyá Àdínnì, olórí àwọn obìnrin àsàlátù, wá ní kí Rahmah máa lé orin ná.

Àìsàn inú ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i pé wọn ò jọra? Ẹ fi sọ́kàn.

2.
Rahmah kọ́kọ́ lọ rí GP, dókítà àdúgbò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan tó le. Lẹ́yìn náà ló lọ sọ́dọ̀ Mrs Lin, ará Ṣáínà kan tó ń fi ewé àti egbò ṣètọ́jú èèyàn ládùúgbò. Obìnrin yìí ní kó yọ ahọ́n síta, ó wò ó. Ó gbọ́wọ́ lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ó bi í léèrè títí kan irú ìgbẹ́ tó ń yà. Ó ní inú rẹ̀ ló tutù. Ó di jínjà gbígbẹ, èèpo ọsàn àti èèpo igi kan tó ń ta lẹ́nu pọ̀ fún un, pé kó máa sè é mu.

Ara Rahmah balẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, awọ rẹ̀ ń dán. Àwọn obìnrin ń pariwo ní àsàlátù: "Rahmah, o mà ti fresh o!"

Ọ̀rọ̀ yìí gún Nusaybah bí abẹ́rẹ́. Máólúdì ń bọ̀, wọn ò sì tíì sọ ẹni tó máa lé orin lọ́jọ́ náà. Ká sọ òótọ́, owú ń jẹ ẹ́ ju inú rírun lọ. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, bẹ́ẹ̀ ni Nusaybah ń gbẹ, tí Rahmah ń kún.

Rahmah pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Nusaybah, jẹ́ kí n mú ẹ lọ sọ́dọ̀ Mrs Lin. But lọ rí GP first, jọ̀ọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ check ọ̀fun yẹn."

"Kí ló dé tí o ò kàn lè bu tìẹ fún mi?"

"Inú tútù ni tèmi wà fún. Mrs Lin warn mi gan-an pé kí n má fún ẹnikẹ́ni."

"Okay o. Mo ti gbọ́."

Ohun tí ọkàn rẹ̀ gbọ́ ni pé Rahmah fẹ́ kí òun máa ṣàìsàn lọ, kí orin lè di tirẹ̀ pátápátá.

3.
Ẹ mọ bí a ti ń ṣe àgbo nílé. Ìkòkò kan ni, gbogbo ilé á bu mu, àlejò tó yà kí wọn náà á bu mu. Ojú yẹn ni Nusaybah fi wo oògùn Ṣáínà. Lọ́jọ́ tí Rahmah fún un ní kọ́kọ́rọ́ fúláàtì rẹ̀ pé kó bá òun gba ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé wá sílé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, ó sì kó nínú àwọn ìdì náà.

Làtíìfù ọkọ rẹ̀ gbóòórùn. "Kí lò ń sè?"

"Àgbo inú. Rahmah ló fún mi."

Irọ́ ńlá! Ó tún kó ìdì méjì sínú ìkòkò kan, torí a gbà pé bí àgbo bá ti korò tó ló ń ṣiṣẹ́ tó. Ó mu ún, inú rẹ̀ túbọ̀ ń jó. Ó ní oògùn ló ń bá àìsàn jà. Ó tún mu ún. Inú tó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, ẹ wo ohun tó ń dà sí i!

Ní Sunday tí Ìyá Àdínnì fẹ́ kéde ẹni tó máa lé orin, Nusaybah dìde kó lè fi hàn pé ara òun ti yá. Ó lanu. Ẹ̀jẹ̀ ló jáde, ó dà sórí hìjáàbù funfun rẹ̀. Àwọn obìnrin figbe ta, wọ́n pe ambulance.

4.
Ní ọsibítù, dókítà ní ọgbẹ́ ti wà nínú ikùn rẹ̀ tipẹ́, ohun tó sì ń mu ló túbọ̀ ba ibẹ̀ jẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè mí. Ó yè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ohùn rẹ̀ ṣèṣe, ohùn yẹn kò sì padà mọ́.

Làtíìfù kojú Rahmah lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: "Rahmah, kí lo fún ìyàwó mi mu?"

"Èmi? Wallahi, mi ò fún un ní nǹkan kan!"

Ìyá Àdínnì dá sí i: "Rahmah kẹ̀? Òun ló wá bẹ̀ mí pé kí n fi orin Máólúdì sílẹ̀ de Nusaybah. Ó ní òun kàn ń bá a di àyè ẹ̀ mú ni. Ohun tí mo fẹ́ kéde nìyẹn."

Nusaybah gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó di ọwọ́ Rahmah mú, ó lanu kó lè tọrọ àforíjì. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Rahmah ló lé orin ní Máólúdì, tòun ti omijé. Nusaybah jókòó sẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ìwọ tó ń kà á, má bu oògùn ọ̀rẹ́ rẹ mu, ahọ́n rẹ kọ́ ni wọ́n wò kí wọ́n tó dì í. Bí inú bá ń jó ọ, lọ rí dókítà. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sì ní "kò bá ẹ mu," má sọ pé ahun ni. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.