Ilé Tó Gba Àyè Kẹ́mísìtì

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà o. Ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹbí yín bá ní ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, tàbí tí ẹ̀ ń wá ilé rà ní àdúgbò tuntun, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

1.
Lẹ́yìn ìlú Ìjagun, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, oko ẹ̀gẹ́ ẹbí Fálolú ló wà níbi tí àdúgbò tuntun kan wà báyìí. Àwọn obìnrin ẹbí ló ń ro ó, òun ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọmọ. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Walter Ọláyẹmí, tó máa ń kọ́ ilé tà, dé, wọn kò fẹ́ yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Ó wá ṣèlérí lójú gbogbo ẹbí:

"Gbogbo iwájú títì inú àdúgbò, ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ̀yin tí ẹ fi oko sílẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ mú. A ó sì fi ọ̀kan ṣe kẹ́mísìtì."

Ẹbí gbà. Wọ́n yan Joel Fálolú, ọmọ wọn tó jẹ́ tíṣà, pé kí ó máa ṣojú àwọn. Bí Joel kò bá fọwọ́ sí i, Walter kò lè yí ohunkóhun padà. Helen, àbúrò Joel, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn, ni kẹ́mísìtì náà wà fún.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ni Sàúdátù, ìyàwó Joel. Láti kékeré ni ikọ́ sémìísémìí ti ń bá a jà. Bó bá ti dé, àfi kí ó tètè fín oògùn sẹ́nu.

"Oògùn lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò ọkọ mi ló tún ń tà á!" ni ó wí. "Kí ni mo tún fẹ́ bẹ Ọlọ́run fún?"

2.
Joel kò tíì kọ́lé. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá ní Ìjẹ̀bú: ibi yòówù kí o ti rí ṣe, bí o kò bá ní ilé sílé, ẹgbẹ́ rẹ kò kà ọ́ sí. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Joel, ilé ta la ti fẹ́ bọ́ agbádá yìí?"

"Ilé bàbá ẹ̀ ni! Ọmọ ilé ṣì ni, ẹ fi í sílẹ̀."

Joel bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kò pẹ́ sígbà náà ni Walter pè é.

"Joel, ṣọ́ọ̀bù ò tà. Ilé ni àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ń béèrè. Jẹ́ ká fi ilé rọ́pò gbogbo ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ìwọ náà á ní tìẹ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níwájú pátápátá."

"Àwọn ìyá wa ńkọ́, sà?"

"Ṣé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé igbá ọjà sórí ni?"

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀! Ó yẹ kí Joel dìde kúrò níbẹ̀. Kò dìde. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì fọwọ́ sí i.

3.
Helen bá Joel níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.

"Bùọ̀dá mi, kí ni wọ́n ń kọ́ síbi kẹ́mísìtì?"

"Ilé mi ni. Fara balẹ̀, Helen. Bí ilé bá pọ̀, èèyàn á pọ̀. Nígbà náà a ó wá àyè fún ẹ."

"Èèyàn wo? Àwọn tó ń wálé nígbà Iléyá?"

Helen lọ gba ṣọ́ọ̀bù ní Òdogbolú, ìlú mìíràn. Ní ti àwọn ìyá, wọ́n gbé igbá wá sí àdúgbò náà lóòótọ́, àmọ́ àwọn onílé ní kí wọ́n lé wọn. Wọ́n ní àwọn ìyá ń ba ojú àdúgbò jẹ́. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ro!

4.
Ilé Joel àti Sàúdátù dára, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí Ojúde Ọba bá ti parí, gbogbo onílé á ti ilẹ̀kùn, ó di ọdún mìíràn. Ọ̀kadà kì í wọ ibẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé. Bí iyọ̀ bá tán, ẹsẹ̀ ni Sàúdátù fi ń rìn jáde lọ rà á.

"Bàbá Ayọ̀fẹ́," ni ó sọ fún Joel, "ẹ̀rù ibí yìí ń bà mí. Kò sẹ́ni tí mo lè pè."

"Máa dúpẹ́ jàre. Mélòó nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ló ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?"

5.
Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, wọ́n ń sun igbó nítòsí. Èéfín wọlé, ikọ́ náà sì dé. Sàúdátù tẹ ike oògùn tó máa ń fín sẹ́nu, kò mú nǹkan jáde. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ti tán.

Joel sáré láti géètì dé géètì, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. Yasir, ọlọ́dẹ ilé òdìkejì, nìkan ló jáde.

"Mọ́tò wà nínú ọgbà, ẹ̀gbọ́n. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀gá ní Lọ́ńdọ̀nù."

Joel pe Walter. "Èkó ni mo wà o. Tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn." Ó pe Helen. Helen kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán tó fi gun ọ̀kadà.

Joel pọn ìyàwó rẹ̀, Yasir ń tì í lẹ́yìn, wọ́n forí lé títì ńlá Ìjagun nínú oòrùn.

"Sọ̀ mí," ni Sàúdátù ń wí. "Sọ̀ mí kalẹ̀... n ò lè mí."

Etí títì ni Helen ti pàdé wọn. Oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sàúdátù kò lè fà á símú mọ́.

6.
Lẹ́yìn ìsìnkú Sàúdátù, Joel lọ bẹ Walter pé òun fẹ́ fi ìsàlẹ̀ ilé òun ṣe kẹ́mísìtì fún Helen. Walter bi àwọn onílé yòókù léèrè lórí fóònù. Láti Èkó, láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní àwọn kò gbà: ilé gbígbé ni wọ́n tà fún àwọn, ṣọ́ọ̀bù á sọ àdúgbò di ọjà. Joel rán wọn létí pé ìyàwó òun kú. Wọ́n ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Bí wọ́n bá fi yín ṣojú àwọn tí kò lágbára, ẹ má fi ẹ̀tọ́ wọn ra ọlá fún ara yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra ilé, ẹ béèrè ohun tó yẹ kó wà lórí ilẹ̀ náà, kí ẹ béèrè ta ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ igbe yín, ògiri lásán ni. Àwọn àgbà kò parọ́: ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ.