Àṣá Tó Ń Jẹ Agbọ́n

Ẹ̀fọn ti jẹ onífọ́tò náà lájẹyó lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilé agbọ́n tó so rọ̀ lókè. Bí kò bá ya fọ́tò àṣá tó ń jẹ agbọ́n lónìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Fóònù rẹ̀ dún.

"Baálé mi, agbọ́n ojú fèrèsé wa tí ẹ ní ẹ ó tú ńkọ́?"

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, má fi ariwo fóònù lé ẹyẹ tí mò ń dúró dè níbí lọ!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Àṣá ńlá kan ti ń bá yín tú u, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà."

Onífọ́tò ti kó kámẹ́rà, ó ń sáré. "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà o. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ jẹ́ n mú ìgbálẹ̀ kí n lé e."