Ọmọ Ẹtu Abẹ́ Igi Kòkó

Ẹfúnyẹmí rí ọmọ ẹtu kan tó dá dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi kòkó.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò jìnnà."

Ẹfúnyẹmí, tó ti sin ọmọ mẹ́ta, fa ojú ro. "Ìyá wo ló ń fi ọmọ jòjòló sílẹ̀ sínú igbó?"

Ó gbé e relé, ó fi ẹ̀kọ mímu bọ́ ọ. Nígbà tí òru fi máa jìn, ọmọ ẹtu ti kú sórí itan rẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń yí ilé po. Kò wúwo tó ẹsẹ̀ ènìyàn. Kó, kó, kó ló ń dún lórí sìmẹ́ńtì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ohùn obìnrin kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi o. Ẹ gbé e wá, kí n fún un lọ́yàn."

Omi ọyàn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn.