Ẹ̀rí Inú Ọ̀rá

"Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó," olùwádìí náà ní, ó na èsì àyẹ̀wò sí bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ìpàdé àwọn onímọ̀ tó ń fọwọ́ sí orúkọ kòkòrò. "Ọ̀rá ara kòkòrò àìfojúrí yìí, tí a fi ń dá ìdílé wọn mọ̀, bá ti ìdílé kòkòrò kan tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu délẹ̀. Kì í ṣe ìdílé tuntun tí ẹ pè é."

Bàbá, tó ṣàwárí kòkòrò náà kó tó fẹ̀yìn tì, kò tilẹ̀ gba ìwé ọ̀hún. "Ojú mi ni mo fi wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Kò jọ àwọn ti ìdílé yẹn!"

"Àwọn ìbejì mìíràn kì í jọra, síbẹ̀ ìyá kan ló bí wọn."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá lu tábìlì. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa orúkọ tí mo sọ ọ́ rẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Alága ìpàdé gbé bírò sókè ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ, ó ń wo bàbá, ó ń wo ọmọ. Kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

Ohùn bàbá wá rọ̀. "Ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ bí ọ ni mo rí i. Orúkọ rẹ ni mo fún un."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mi ò lè gbà kí irọ́ máa jẹ́ orúkọ mi."

Olùwádìí náà gba bírò lọ́wọ́ alága, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé orúkọ náà nínú ìwé.