Adjaratou Sáré Lọ, Ó Fi Iná Sílẹ̀ Lóko

Ẹ̀yin ará ilé àti ará oko, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má dá a dúró níbi tó ti korò, torí adùn rẹ̀ ń bẹ níwájú.

1.
Ní ìlú wa Manigri, ní orílẹ̀-èdè Benin, ta ni kò mọ Adjaratou, aya Wassiou? Aránṣọ ni, ó sì bí ọmọ kan, Salma, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni àpéwò. Tó bá ń sáré lójú títì, àwọn awakọ̀ a máa fun fèrè kí i. Mùsíyé Husseini, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré sísá ní Bassila, ti sọ fún un pé, "Bí o bá múra, ìwọ lo máa gba ipò kìíní nínú eré ọdọọdún láti Manigri sí Bassila."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Àmọ́ kò yan àkókò kankan fún eré. Ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń yún un, ó di títì. Aṣọ oníbàárà á wà lórí ẹ̀rọ láìrán tán, Salma á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ títí gbogbo ọmọ á fi lọ tán.

Wassiou bá a sọ ọ́. "Ìyá Salma, mi ò ní kí o má sáré. Ìgbà wo gan-an lo fẹ́ máa sá a? Sọ fún wa, ká mọ̀."

"Bàbá Salma, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo lè ṣe pọ̀."

Ẹ gbọ́ bí ìgbéraga ṣe ń sọ̀rọ̀!

2.
Ọyẹ́ dé, kajú yọ òdòdó. Tọkọtaya yìí ro etí oko kajú wọn yí ká, wọ́n sì ń sun koríko rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí iná ìgbẹ́ má baà rí ọ̀nà wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wassiou di iṣu sórí alùpùpù, ó ń lọ ọjà Bassila. Ó nawọ́ sí ibi tí èéfín ṣì ti ń rú.

"Má kúrò níbẹ̀ o, títí eérú á fi tutù. Omi nìyí."

"Mo ti gbọ́."

Adjaratou jókòó. Ó wo iná, ó dà bíi pé ó ti kú. Ó wo aago, kò tíì sáré lọ́jọ́ náà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Mà á kàn dé afárá ojú títì, mà á sì padà. Kí ló lè ṣẹlẹ̀?"

Ara rẹ̀ yá gágá. Nígbà tó dé afárá, kò tíì rẹ̀ ẹ́, ló bá tẹ̀ síwájú. Ìgbà tó yíjú padà ló rí èéfín dúdú lókè oko wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó bá àwọn ará oko ìtòsí níbi tí wọ́n ti ń fi ewé tútù lu iná. Wọ́n pa á, àmọ́ ìdajì oko ti lọ. Igi tí bàbá Wassiou gbìn, tí òdòdó bò, dúdú bí ìdí ìkòkò.

Wassiou dé. Ó fọwọ́ kan igi kan. "Níbo lo wà?"

Ẹnu Adjaratou fẹ́ sọ pé atẹ́gùn ló gbé iná wá. Kò lè sọ ọ́. "Mo lọ sáré."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Wassiou ń dá gé àwọn igi tó jó lóko.

3.
Adjaratou kó bàtà eré rẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ìyá, ẹ bá mi jù wọ́n nù. Mi ò sáré mọ́."

Ìyá náà wò ó. "Ṣé bàtà ló jó oko ni? Ẹsẹ̀ rẹ ò ṣẹ̀ wá. Pé o kò fún nǹkan kan láyè tirẹ̀, òun ló ṣẹ̀ wá. Lọ pe ọkọ rẹ wá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, wọ́n pín ọjọ́ bí ẹní pín ẹran. Láti ìgbà tí wọ́n bá kírun àsùbáà títí oòrùn á fi yọ, eré ni. Wassiou ni yóò máa wẹ Salma. Òwúrọ̀ jẹ́ ti aṣọ rírán. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti oko àti ọmọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sí eré.

Lọ́dún yẹn, wọ́n sá eré Manigri sí Bassila láìsí Adjaratou. Ilẹ̀ tó jó ló ń ro. Nígbà tí òjò dé, òun àti ọkọ rẹ̀ gbin kajú tuntun sínú rẹ̀.

Ohun ìyanu ni pé wákàtí kan ṣoṣo yẹn mú ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mùsíyé Husseini wo aago lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lò ń jẹ?"

"Oorun ni mò ń sùn, Mùsíyé."

4.
Ọdún yípo, ọjọ́ eré pé. Ogójì obìnrin ló tò sójú títì Manigri. Bassirath, ọmọ Bassila tó gba ipò kìíní lọ́dún tó kọjá, bọ́ síwájú bí ọfà. Adjaratou kò lé e. Ó ń mí, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wọ Bassila, ó rí i pé èjìká Bassirath ti ń mì. Ìgbà náà ló tú ẹsẹ̀ sílẹ̀! Ará Bassila ń kígbe lédè Anii, ará Manigri ń kígbe lédè tiwa. Salma wà lọ́rùn bàbá rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ìyá mi nìyẹn! Ìyá mi nìyẹn!"

Adjaratou ló kọ́kọ́ dé! Wassiou fò sókè bí ọmọdé.

Ọ̀gá kan nínú àwọn tó ṣètò eré náà sún mọ́ ọn. "Ọ̀la ni kí o máa bọ̀ ní ìlú Parakou. Oṣù kan gbáko la máa fi kọ́ ọ."

Adjaratou nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Èmi àti ará ilé mi á kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ó gbọ́ èsì mi."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Parakou ò ní sá lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré, ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ẹ sì lọ́mọ nílé, mo kìlọ̀ fún yín o. Ẹ̀bùn yín kò burú, ẹ má sì jù ú nù. Ṣùgbọ́n ẹ má jí àkókò ohun kan fi ṣe òmíràn, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ jí lè jó ohun tí bàbá yín fi ogún ọdún gbìn. Ẹ pín ọjọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ará ilé mọ bí ẹ ṣe pín in. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń sọ pé gbogbo rẹ̀ lòun lè ṣe pọ̀, ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí i lónìí.

Àwọn àgbà ní: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.